Ta Ni Ó Jogún Ọ̀rẹ́ Tí Ìjọba Yàn?

Nígbà tí Yorùbá bá pe ènìyàn ní ọmọlúàbí, kì í ṣe pé ẹni náà kì í jalè tàbí pé kì í bú àgbà nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá lè má jalè. Ẹni tí ó ń wá ojúure àgbà lè má bú àgbà. Ohun tí ó ya ọmọlúàbí sọ́tọ̀ ni pé ó ń ṣe ohun tí ó tọ́ níbi tí kò ti sí ẹni tí ó lè fi tipátipá mú un ṣe é. Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí, a jẹ́ pé ibi tí òfin parí sí ni ìwà ti ń fojú hàn. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ó ṣòro láti rí ibi tí òfin ti tètè parí tó inú ọ̀rọ̀ ìbádọ́rẹ̀ẹ́: kí ìpínlẹ̀ kan yan ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó jìnnà sí i lọ́rẹ̀ẹ́, tàbí kí ìlú kan bá ìlú kan lókè òkun da ọwọ́ pọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà kò lè ní ìwà. Àtakò náà ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n kò rìn jìnnà. Ìwà kì í ṣe èrò inú lásán. Ohun tí a ń ṣe léraléra títí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n mọ́ wa ni. Ìjọba náà ní ohun tí ó ń ṣe léraléra. Ó ń dáhùn lẹ́tà tàbí kì í dáhùn. Ó ń san gbèsè tí ìjọba àná jẹ, tàbí kí ó ní òun kọ́ ni òun jẹ ẹ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, bá sọ pé ìjọba kan kì í mú ọ̀rọ̀ ṣẹ, ìwà ni ó ń jẹ́rìí sí, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ó ní lọ́kàn.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sì dá lé. Ènìyàn tí ó ṣèlérí ni ó ń mú ìlérí ṣẹ. Ní ti ìjọba, ẹni tí ó ṣèlérí lè ti lọ kí àsìkò àtimúṣẹ tó dé. Ọdún mẹ́rin ni gómìnà ń lò lórí àga, tàbí mẹ́jọ tí ó bá pẹ́ jù. Nítorí náà, ìdúróṣinṣin, èyí tí mo túmọ̀ sí pé kí ọ̀rọ̀ tí a sọ lánàá ṣì máa darí ìṣe wa lónìí, le fún ìjọba ju ti ènìyàn kan ṣoṣo lọ. Gómìnà tuntun ní láti ka ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó sọ ọ́ gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò lórí àga.

Ìbàdàn ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1974, ìlú Ìbàdàn àti ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, di ìlú ọ̀rẹ́ ara wọn. Ọdún náà ni Èkó bá Atlanta ṣe irú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè yìí ń jẹ́ nígbà náà, Bírígédíà Olúwọlé Rótìmí sì ni gómìnà ológun. Cleveland wà létí adágún Erie. Ìlú irin àti ilé iṣẹ́ ńlá ni, òun ni ó sì kọ́kọ́ dìbò yan ènìyàn dúdú, Carl Stokes, sípò olórí ìlú nínú àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, ní 1967. Ìbàdàn nígbà náà ní ilé tẹlifíṣọ̀n láti 1959, ó ní Bódìjà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ó ní Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ìlú méjèèjì lè wo ojú ara wọn. Kò sí èyí tí ó wá tọrọ lọ́wọ́ èkejì.

Àṣà náà kò pẹ́ púpọ̀ láyé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1944, Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí bọ́ǹbù Jámánì ti wó lulẹ̀, na ọwọ́ ọ̀rẹ́ sí Stalingrad ní Rọ́ṣíà tí ó jìyà jù ú lọ. Ní 1956, Ààrẹ Eisenhower ní kí àwọn aráàlú Amẹ́ríkà fúnra wọn máa bá aráàlú ilẹ̀ mìíràn dọ́rẹ̀ẹ́, kí ọ̀rọ̀ àlàáfíà má baà wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba nìkan. Ìfigagbága Amẹ́ríkà pẹ̀lú Rọ́ṣíà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí a ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun rere lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdí tí kò mọ́ tónítóní. Bí a bá ṣe tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà ni a ó fi mọ ohun tí ó jẹ́.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Ìbàdàn àti Cleveland bọ ara wọn lọ́wọ́, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Ọdún náà ni wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ń ṣàkóso ìgboro Ìbàdàn sí márùn-ún. Láti ìgbà náà, Bódìjà àti Agbowó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, Ring Road sì wà lábẹ́ òmíràn. Cleveland ní olórí ìlú kan. Ìbàdàn kò ní. Bí lẹ́tà bá ti Cleveland dé lónìí, ta ni yóò já a? Alága Àríwá Ìbàdàn ni, Olúbàdàn ni, àbí Gómìnà? Ìbéèrè òfin ni èyí jọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìwà ni ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú agbo ilé Yorùbá, àwọn ọmọ kì í pín ilé àti oko bàbá wọn tán kí wọ́n wá ní ọ̀rẹ́ bàbá kò kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ bàbá a máa wá, a máa gba ìjókòó, ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n a sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè ẹni tí í ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jáde lára Ìwọ̀-Oòrùn rántí ogún dáadáa níbi tí ogún ti jẹ́ dúkìá: láti 1976 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ láti bójú tó ohun tí wọ́n jọ ni, Ilé Kòkó sì wà lára rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti jogún ọ̀rẹ́. Ohun tí a lè tà ni a pín. Ohun tí a ní láti tọ́jú ni a gbàgbé.

Àdánù tí ó wà nínú irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ayẹyẹ àti aṣọ ẹbí tí kò wáyé. Ẹ̀kọ́ ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1969, odò Cuyahoga tí ó gba àárín Cleveland kọjá gbiná: epo àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ pọ̀ lójú omi tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi ràn án. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí odò náà ń jóná, ṣùgbọ́n èyí di ìtìjú orílẹ̀-èdè. Carl Stokes kó àwọn oníròyìn lọ síbẹ̀ láti fi àbùkù ìlú rẹ̀ hàn wọ́n, èyí tí kì í ṣe ìwà tí a mọ̀ mọ́ àwọn olóṣèlú. Ariwo náà wà lára ohun tí ó bí òfin omi mímọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1972. Ìlú tí Ìbàdàn yàn lọ́rẹ̀ẹ́ ní 1974, ìlú tí ó ń kọ́ bí a ti ń bá odò tí a ti bà jẹ́ gbé ni. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ya. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń fi í ka ọdún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́, ó fa afárá ya, ó sì pa ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba lọ yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé fún iṣẹ́ omíyalé.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Cleveland ì bá dá Ògùnpa dúró. Odò kọ̀ọ̀kan ní ìṣòro tirẹ̀: ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ni ó ba ti Cuyahoga jẹ́, ti Ògùnpa, ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi àti pàǹtírí tí a dà sínú kòtò ni. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín ayánilówó àti ọ̀rẹ́, ó sì yẹ kí a là á. Ayánilówó ń fi ohun tí ó ní hàn wá. Ọ̀rẹ́ lè fi ibi tí ó ti kùnà hàn wá, nítorí pé kò bẹ̀rù pé a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kọ́ láti inú ìkùnà ẹlòmíràn ni ẹ̀kọ́ tí ó wọ́n jù lọ ní ọjà ayé, kì í sì í sí nínú ìwé ìyáwó.

Níbo wá ni òfin wà nínú èyí? Kí ó tó di 1966, àwọn ẹkùn ilẹ̀ Nàìjíríà lè ní aṣojú ní London, Ìwọ̀-Oòrùn sì ní tirẹ̀. Àwọn ológun fòpin sí i. Lábẹ́ Òfin Ìpilẹ̀ 1999, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ti aṣojú òwò wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àdéhùn tí gómìnà kan bá lọ tọwọ́ bọ̀ ní ìlú òyìnbó kì í ṣe àdéhùn orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀ ẹ́, agbára káká ni èkejì yóò fi rí kóòtù tí yóò gbé e lọ. Àwọn kan ń ka èyí sí àléébù. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Níbi tí kóòtù wà, a kì í mọ̀ bóyá ẹni tí ó san gbèsè jẹ́ olóòótọ́ tàbí ó ń sá fún àkọdá. Níbi tí kò ti sí, ohunkóhun tí a bá mú ṣẹ, ìwà ni ó mú un ṣẹ.

Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti dán irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Ní 1959, ẹkùn náà bá ilé iṣẹ́ Solel Boneh dá ilé iṣẹ́ ìkọ́lé Nigersol sílẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ísírẹ́lì ni Olóyè Akin Deko, mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ti mú àpẹẹrẹ àwọn abúlé oko tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Akùfọ̀, Ìlọra àti àwọn ibòmíràn. Ayàwòrán-ilé wọn, Arieh Sharon, ni ó ya àwòrán ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Nínú iṣẹ́ méjì tí ó kẹ́yìn yìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n já sí, ìdí rẹ̀ sì tó ohun tí a ń rò wò. Ọgbà Ifẹ̀ dúró, ó sì lẹ́wà, nítorí pé ayàwòrán náà wo oòrùn, òjò àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí ó tó fa ìlà. Abúlé oko ṣe wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Àwọn tí ó ń gbé irú abúlé bẹ́ẹ̀ ní Ísírẹ́lì, àwọn ni wọ́n yan ara wọn, tí wọ́n sì gbà láti jìyà papọ̀. Tiwa, ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni ìjọba ṣà, tí ó kọ́ ilé fún, tí ó ń fún lówó oṣù. Owó tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi oko sílẹ̀ wá síta. A mú ètò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, a fi ìwà tí ó gbé ètò náà ró sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, ìjọba àpapọ̀ já okùn ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Ísírẹ́lì nítorí ogun Ísírẹ́lì pẹ̀lú àwọn Lárúbáwá. Kò so ó padà títí di 1992. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kò ní ẹnu níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ láàárín ìpínlẹ̀ ní láti mọ̀ pé ọba tí ó ju ọba lọ wà.

Bí jíjìnnà bá jẹ́ ìṣòro, a lè rò pé sísúnmọ́ ni ojútùú. Ọ̀rọ̀ yunifásítì LAUTECH kò jẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀. Ní 1990 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Ọ̀ṣun kúrò ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì gbà láti jọ ni ín. Èdè kan náà, àṣà kan náà, ààlà kan náà. Òfin wà, kóòtù wà: ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí ó ní àwọn méjèèjì ló jọ ni ín. Síbẹ̀, nígbà tí ó kan sísan owó, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wo ẹnu èkejì. Àwọn olùkọ́ kò gba owó oṣù, wọ́n ti ilé ìwé pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ tí ó yẹ kí ó lo ọdún márùn-ún lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n tó pín gaàrí: Ọ̀yọ́ mú yunifásítì, Ọ̀ṣun mú ilé ìwòsàn tí ó wà ní Òṣogbo. Mo gbà pé ìpínyà náà sàn ju ìjọní tí kò sí ìjọsan nínú rẹ̀ lọ. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìbátan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìwà kò ṣe, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ pàápàá kò sì lè sọ ẹni tí kò fẹ́ san di ẹni tí ó san.

Ọ̀rẹ́ tí ó jìnnà tún ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, èdèàìyedè nínú ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn di ìjà láàárín Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí lọ, ilé àti ìsọ̀ jóná. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn gómìnà Kebbi, Kano, Niger àti Zamfara ti wà ní Ṣáṣá, wọ́n ń bá Gómìnà Mákindé ti Ọ̀yọ́ àti Gómìnà Akérédolú ti Oǹdó rìn láàárín eérú. Kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n wá. Àwọn kan ní fọ́tò ni wọ́n wá yà. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà tí ó wá dúró níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kú, tí kò fi ìbínú sọ̀rọ̀, ti ṣe ohun tí ó ṣòro. Sùúrù ni orúkọ rẹ̀: kí agbára àtigbẹ̀san wà lọ́wọ́ ẹni, kí ó má sì lò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí sùúrù ń ná ènìyàn kò ní ju kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì sí i, nígbà tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù ní òkè ọya dá ọkọ̀ ẹrù dúró kí ó má wá sí gúúsù. Àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran gbówó lórí, àti ní ọjà Bódìjà, níbi tí ẹ̀wà àti àlùbọ́sà òkè ọya ti ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí ó tún ní láti ṣàlàyé fún obìnrin ọlọ́jà pé Kebbi àti Ọ̀yọ́ nílò ara wọn. Oúnjẹ ti ń so wọ́n pọ̀ kí gómìnà kankan tó tọwọ́ bọ̀wé.

Kebbi yìí kan náà ni ó bá Èkó ṣe àdéhùn ìrẹsì ní 2016. Nígbà tí ọdún Kérésì dé, ìrẹsì LAKE jáde, wọ́n ń ta àpò 50 kílò ní ₦12,000, èrò sì tò lọ rẹrẹ láti rà á. Iṣẹ́ rere ni, ó sì ní èrè fún ìhà méjèèjì: ilẹ̀ pọ̀ ní Kebbi, ẹnu pọ̀ ní Èkó. Gómìnà Èkó tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ ní 2019, ti Kebbi lọ ní 2023. Ní 2023 náà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Èkó ní Ìmọ́tà, Eko Rice sì ni orúkọ tí a ń gbọ́ níbẹ̀ báyìí. Yorùbá ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òótọ́ ni, ní ti ọmọdé. Ìpínlẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Kì í kú, kì í re àjò, kì í ṣí lọ sí ilé ọkọ. Ogún ọdún kò tó nǹkan nínú ayé rẹ̀, kò sì sí àwáwí tí ó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í bá pẹ́ ju ọdún mẹ́rin-mẹ́rin lọ.

Bí àlàyé yìí bá dúró, ohun tí ó tẹ̀ lé e kò nira láti rí. Ìwà ìjọba wà nínú fáìlì rẹ̀ ju bí ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ àsọyé gómìnà lọ. Ọ́fíìsì tí ó ní àkọsílẹ̀ gbogbo àdéhùn tí ó wà nílẹ̀, ẹni tí ó wà nídìí ìhà kejì, ohun tí a ṣèlérí àti ohun tí ó kù láti ṣe, kò gba owó púpọ̀. Akọ̀wé méjì ní Agodi, ibùjókòó ìjọba Ọ̀yọ́, tó o. Ó gba ìwà irú kan tí kò ní àtẹ́wọ́: kí gómìnà gbà láti bomi rin ohun tí ẹlòmíràn gbìn. Ìrìn àjò òkèèrè a máa ní fọ́tò. Kíka fáìlì àná kì í ní. Kò yẹ kí ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rẹ́ tuntun ń pọ̀ sí i, tí ti àtijọ́ sì ń kú láìsí ìsìnkú.

Ẹ̀tọ́ aráàlú ni láti mọ ọ̀rẹ́ tí a yàn ní orúkọ rẹ̀. Nígbàkígbà tí gómìnà Ọ̀yọ́ èyíkéyìí bá tún ń lọ tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tàbí ìlú òkèèrè, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Agodi kọ́kọ́ ní kí ó kó ìwé àwọn ti àtijọ́ wá sórí tábìlì, kí ó sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Èyí tí ó ti kú, kí wọ́n kọ̀wé ìdágbére sí ọ̀rẹ́ náà tìyìn-tìyìn. Èyí tí ó ṣì lè wúlò, kí wọ́n fa ẹnìkan kalẹ̀ tí yóò máa dáhùn lẹ́tà rẹ̀. Ti Cleveland ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.